Ta Ni Yóò Dúró fún Ọmọ Náà?

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Mo mọ ẹgbẹ́ tí kò pé ọdún méjì kí owó àjọ tó tú u ká. Ẹ̀yin ṣì jókòó ti ara yín, ẹ ṣì ń pe ara yín lórúkọ tí ìyá yín ń pè yín ní kékeré. Ọlọ́run yóò dá yín sí títí ẹ ó fi tún ṣe ogún ọdún.

Nígbà tí akọ̀wé yín pè mí lórí fóònù, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó.” Mo ní kí ló fà á. Ó ní ẹgbẹ́ ti ń dáwó jọ láti kọ́ ilé ọmọ aláìlóbìí, kí orúkọ ẹgbẹ́ má baà parẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì sọ fún un pé bí mo bá wá, ọ̀rọ̀ mi lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá korò, akọ̀wé ni kí ẹ mú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ni mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe ní ìlú Èkó yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà ní agogo mọ́kànlá òru, tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti palẹ̀ mọ́, tí dánfó ti dín kù, yóò rí àwọn ọmọ tí mo ń sọ. Páálí ni bẹ́ẹ̀dì wọn. Àwọn kan ń ru ẹrù lọ́sàn-án, àwọn kan ń nu gíláàsì mọ́tò. Àwọn bàbá wa tó fún oríta yìí lórúkọ nítorí ojúbọ Ẹlẹ́gbà mọ̀ pé oríta ni ọ̀nà ti ń dà rú mọ́ èèyàn lójú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ọ̀nà dà rú mọ́ lójú níbẹ̀, ta ni yóò bi léèrè?

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1925, ìjọ Salvation Army ṣí ilé kan ní Yaba fún àwọn ọmọkùnrin tó ń rìn kiri, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Ní 1941, ìjọba òyìnbó yan Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú ní Èkó. Àkókò ogun Hitler ni. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní “boma boys” ń mú àwọn ọmọ ogun ojú omi kiri ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó. Ṣe ẹ rí i pé “aláyè” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran tiwa nìkan? Òfin lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé jáde ní 1943, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1946. Wọ́n ṣí ilé fún ọkùnrin, wọ́n ṣí ti obìnrin. Wọ́n tún máa ń kó ọmọ sínú ọkọ̀ padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún padà wá sí Èkó, nítorí pé ohun tó lé wọn kúrò nílé kò tíì kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni a ti ń kọ́ ilé. Ní 1973, abúlé ọmọ SOS ṣí ní Ìsọlọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hermann Gmeiner ló dá ètò náà sílẹ̀ ní Austria ní 1949, lẹ́yìn ogun. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yẹn ni pé kì í ṣe yàrá gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ogójì ọmọ ń sùn sí ni wọ́n kọ́. Ilé kéékèèké ni, ìyá kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ìkòkò tirẹ̀, ó mọ ọmọ tó ń tọ̀ sílé àti ọmọ tí kò fẹ́ràn ẹ̀wà. Níhìn-ín ní Sùúrùlérè, ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú Pacelli ti wà láti 1962, àwọn ọmọ sì ń gbé inú rẹ̀. Ilé Modupe Cole ní Akọka ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àìpé ara. Ìjọba ní ilé àtúnṣe ìwà tiwọn fún ọmọbìnrin ní Ìdí-Àràbà, ti ọkùnrin ní Orégùn. Ẹ má gbọ́ mi ṣì o. Ọmọ wà tó jẹ́ pé irú ilé báyìí ni yóò gbà á là. Mi ò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún yín. Ó tó ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n mú un wá bá wa. Ìyá rẹ̀ ti kú, a kò rí bàbá. Ilé ìtọ́jú kan gbà á, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Ó jẹun, ó lọ sílé ìwé, ó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àlejò máa ń wá ní Kérésì, wọ́n á kó ìrẹsì àti bisikíìtì wá, wọ́n á yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, ilé náà ní àkókò rẹ̀ ti pé. Wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n fún un ní báàgì kan, aṣọ díẹ̀, Bíbélì àti owó ọkọ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fọwọ́ sí ìwé pé ó jáde. Mo tún kí i kú oríire.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Ọmọkùnrin kan tó ru àpò ẹ̀gẹ́ pè mí, “Mọ́mì!” N kò tètè dá a mọ̀. Ó ti gbẹ. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, gbogbo ibi tí mo dé, onídùúró ni wọ́n ń béèrè.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan tó tó gbólóhùn kan yẹn. Ó fẹ́ gba yàrá ní féèsì-mí-aì-féèsì-ẹ ní Mushin, onílé ní kí ó mú onídùúró wá. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀gá ní kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó fẹ́ ṣe sélúsùmáànù ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní kí ó mú èèyàn méjì wá tó ní àdírẹ́sì. Ọmọ tí àwa fi ọdún mọ́kànlá tọ́, kò ní èèyàn méjì. Ó tún sọ fún mi pé kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ rí láyé òun títí òun fi jáde. Pé ìkòkò ogójì èèyàn ni òun mọ̀, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Pé ìgbà tí òun kọ́kọ́ lọ sọ́jà, iye tí ìyá náà pè ni òun san, òun kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ná an.

Mo sunkún lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ bá wẹ́dà kan ní Mushin, ẹni tí mo mọ̀ nítorí pé ó ṣe géètì ilé mi. Mo fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gá yẹn kò gbowó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó máa sun inú ṣọ́ọ̀bù ní ọdún àkọ́kọ́. Ó lo ọdún mẹ́ta, ó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù, mo wà níbẹ̀, a jẹ ìrẹsì. Òun náà ti ń kọ́ ọmọ mìíràn níṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n mélòó ni mo pàdé lábẹ́ bíríìjì? Àwọn tí n kò pàdé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn nígbà mìíràn.

Òmíràn tún rèé. Ìyá àgbà kan gbé ìbejì ọmọ ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Ìyá wọn kú lórí ìkúnlẹ̀. Mama yìí ń sunkún, ó ń bẹ̀ wá kí a bá òun fi wọ́n sí ilé ọmọ aláìníyàá. Nígbà tí mo jókòó tì í dáadáa, mo rí i pé mama kò fẹ́ jọ̀wọ́ ọmọ rárá. Owó mílíìkì ni kò sí. Owó mílíìkì ìbejì fún ọdún kan pọ̀ fún ẹni tó ń ta ata wẹ́wẹ́, àmọ́ kò tó owó tí ẹ fi máa da fọ́ńdéṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní aláìlóbìí nínú àwọn ilé wọ̀nyí ló ní ẹbí tó wà láàyè. Ìṣẹ́ ló gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà wa.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Bucharest, olú ìlú Romania, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2000 pẹ̀lú ọmọ 136 tó wà nínú àwọn ilé ńlá ìjọba. Wọ́n pín wọn sí méjì bí ẹni ta tẹ́tẹ́: wọ́n fi apá kan sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ nínú ilé tiwọn, apá kejì dúró síbi tó wà. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tó dúró lọ, ní ọpọlọ àti ní ìfẹ́ sí èèyàn. Àwọn tí wọ́n sì tètè kó lọ, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ló jẹ èrè jù. Ní 2009, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi ìlànà síta pé kí ẹbí jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí a ó wò, kí ilé ńlá jẹ́ ibi ìkẹyìn. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ń gba ọmọ tọ́ kí òyìnbó tó dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọmọ àgbàtọ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ń fi í kiri omi púrẹ́. Nítorí ìyẹn ni òfin fi wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, ìjọba ni yóò tọ̀ lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí ilé, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè ìwé yẹn kí ẹ tó gbé ìrẹsì Kérésì lọ síbikíbi, nítorí àwọn kan ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò.

Ní báyìí, owó tí ẹ dá. Bí ẹ bá fi kọ́ ilé, bíríkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni owó oṣù àwọn ìyá tó máa tọ́ ọmọ, gáàsì, dókítà, jẹnẹrétọ̀, owó ilé ìwé, lọ́dọọdún títí láé. Ta ni yóò máa san án nígbà tí ẹ bá di ẹni ọgọ́rin ọdún? Mo ti rí ilé tí àwọn ẹgbẹ́ kọ́ tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń sùn lébi, tí orúkọ ẹgbẹ́ sì ń dán lára ògiri.

Mo wo yín láti ẹ̀yìn tábìlì yìí, mo sì mọ̀ yín. Ìwọ tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ìwọ tó ń ta pátì mọ́tò ní Ladipọ, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ìwọ tó ní ilé alájà méjì ní Ìtirẹ́ tí yàrá kan ṣófo nínú rẹ̀ láti oṣù kẹta. Kí ẹ tó ra bíríkì kan, ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú méjì tàbí mẹ́ta tó ní ìwé ìjọba, ẹ bi wọ́n pé àwọn ọmọ wo ni yóò pé ọdún 18 lọ́dún yìí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan mú ọmọ kan. Kí ó máa wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti ìgbà tó bá ti wà ní ọmọ ọdún 16, kó mọ ọjà, kó mọ bí wọ́n ṣe ń se ìkòkò kékeré. Nígbà tó bá jáde, kí ẹgbẹ́ san owó ilé ọdún kan, àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n, kí ọ̀gá kan láàárín yín gbà á síṣẹ́ ọwọ́. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ra mílíìkì fún irú mama oníbejì yẹn kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ aláìníyàá.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ti bi mí ní ìdákọ́ńkọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé bí ọmọ náà bá jalè ńkọ́, tí orúkọ òun sì wà nínú ìwé. Ìbéèrè gidi ni, sà. Mo ti dúró fún ọmọ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan gbé owó ọ̀gá rẹ̀ lọ, mo sì san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó dùn mí dé egungun. Àwọn mẹ́jọ yòókù ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi náà ti jẹ gbèsè tí mo san rí, mi ò sì kọ̀ láti dúró fún un ní ìgbà kejì.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: orúkọ, iṣẹ́ ọwọ́, àdírẹ́sì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e kiri tábìlì kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, torí mo mọ̀ yín, bí ẹran bá ti dé, ó parí. Mo ti kọ orúkọ tèmi síbẹ̀.