Ojú Kan Lórí Ewé Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Àwòrán Ẹgbẹ́ Wa

 

Láti ìgbà tí a ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ yòókù jáde sí Òjúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwòrán wa ti pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí olè jí i, ìtàn wa bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe ìwé àwòrán.

Àbá wa ni pé kí ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan, kí àwòrán kan ṣoṣo tí a fẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí a bá to àwòrán 12 sórí ewé kan, aṣọ ẹgbẹ́ ni ojú yóò rí, kò ní rí ènìyàn. Ẹ wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa ní 1968: orí kan, àwòrán kan. Títí dòní, a lè ka ìlà irun náà. Ẹ sì rántí Òjúde Ọba 2024, bí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ṣe gba ayé kan.

Ewé tí a ń wò jẹ́ ínǹṣì 12 níbùú lóòró. Kí àwòrán jẹ́ ínǹṣì 8 sí 10, kí a sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àyè ínǹṣì 2 sí 4 ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì fún orúkọ, oríkì, iṣẹ́ àti ọdún tí a yà á. Àwòrán tó ti gba orí WhatsApp kọjá sábà máa ń ti dín kù. Bí a bá fẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ yóò ṣú. Inú fóònù tí wọ́n fi yà á gan-an ni kí a ti gbà á. Kí a má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kí a má sì fi bíro kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí a lò.

Àwọn kan ní kí ti àwọn olóyè àti àwọn tó dáwó jù tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. A kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gbà ni wá, a bá ara wa dọ́gba. Ti mẹ́káníìkì wa àti ti olówó wa, ìwọ̀n kan náà.

Àwọn tó ti sùn nínú wa ni kí a kọ́kọ́ ṣe tiwọn, torí àwòrán tiwọn kò lè pọ̀ sí i mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni àwòrán àgbà kan wà lára ògiri, tí ọmọ á béèrè pé, "Ta nìyí?", tí ilé á sì dákẹ́. Kí ó má rí bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹ jọ̀wọ́, kí oníkálukú mú àwòrán kan wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.

Ogún ọdún á bá wa láyé. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.