Koríko Orí Àpáta ní Kàrú



Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi, àwa pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gun òkè àpáta kan lẹ́bàá Kàrú. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Gbagyi tí í ṣe onílẹ̀ níbẹ̀, ni ó ṣíwájú wa. Oko iṣu rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè náà gan-an. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a gbéra. Igi emi àti igi irúgbá ni a kọ́kọ́ bá pàdé. Iná ìgbẹ́ ti jó ara wọn dúdú, ṣùgbọ́n èèpo wọn nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná kì í fi í tètè dé inú. Bí a ti ń gòkè ni igi ń tán, títí ó fi ku àpáta lásán àti koríko gbígbẹ kan tí ó tẹ́ lé e bí ẹní àtijọ́.

Nígbà tí a dúró sinmi, àwọn ọ̀dọ́ méjì fa koríko náà tu, wọ́n sì dáná sí i láti fi se omi tíì. A kò dá wọn lẹ́kun, nítorí àwa pàápàá rò pé ó ti kú. (Kí a má parọ́, tíì náà wù wá.) Bàbá, tí ó ti rìn síwájú, sáré padà, ó sì fi èdè Haúsá kígbe pé: “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáwọ́ dúró! Kò kú, ó ń sùn ni.” A pa iná náà, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jó ti tó ìwọ̀n ẹní kan.

Òtítọ́ ni Bàbá sọ. Afrotrilepis pilosa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe koríko yìí. Ìbátan òfíò ni, a sì ń rí i lórí àwọn àpáta Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibùgbé rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdẹ̀ra. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ojú àpáta lè gbóná kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òjò kì í sì í sábà rọ̀ ní Àbújá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Nígbà náà ni ewé rẹ̀ yóò gbẹ, tí àwọ̀ tútù inú rẹ̀ yóò sì parẹ́. Bí òjò bá dé, ewé gbígbẹ yẹn gan-an ni yóò fa omi, tí yóò sì tún tutù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í yára dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà kí ó tó tẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó sì ń di ìwọ̀nba erùpẹ̀ orí àpáta mú, tí kì í jẹ́ kí omi òjò gbé e lọ.

Ní oṣù Karùn-ún, a padà lọ. Àwọn ọmọ Ìdànrè àti Ìkẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín yín mọ bí àpáta ti ń rí lẹ́yìn òjò. Gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àfi ibi tí a dáná sí, tí ó ṣófo bí orí apárí. Omi ti gba ibẹ̀ la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀kalẹ̀ síhà oko Bàbá. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. Ó ní kí a dìde, ó sì fún wa ní iṣu gbé lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàrú, Nyanya àti agbègbè wọn, tí ẹ bá fẹ́ bá wa lọ ní oṣù Kìn-ín-ní tí ń bọ̀, ẹ se oúnjẹ yín wá láti ilé, kí ẹ sì fi ìṣáná sílẹ̀ níbẹ̀.