Kí Ni Ìdì Ẹ̀bùn Rẹ Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò tóbi lójú, nítorí ọ̀rọ̀ páálí àti okùn ni. Ṣùgbọ́n páálí àti okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó jẹ́ lójú mi, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi létí.

Nígbà tí a ń lọ tọrọ ìyàwó fún àbúrò mi ní Malété, lẹ́bàá Ìlọrin, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó dídi ẹrù. Mo ra páálí tó lágbára, mo fi pépà aláwọ̀ wúrà lẹ̀ ẹ́ yíká. Mo wá sọ fún ara mi pé ohun ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo mú owó ẹyọ méjì, mo so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí ojú wọn lè hàn síta lọ́tùn-ún àti lósì, mo sì dè wọ́n mọ́ orí ìdérí. Ó dára lójú mi púpọ̀.

A dé ilé àwọn àna, a gbé ẹrù kalẹ̀. Ìyá àgbà kan fa páálí náà mọ́ra, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin àna wa, ṣé ọmọ ni ẹ wá tọrọ ni, àbí ẹ wá kẹ̀yìn sí wa?" Ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, àìmọ̀ ni." Ìyá náà já okùn náà, ó yí owó ẹyọ méjèèjì kí wọ́n kojú síra, ó tún wọn so. Ó ní, "Ó tán. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí kò bá sí ìyá náà, n kò mọ bí à bá ti ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ìyá náà kà lára páálí mi, àrokò ni. Kí ìwé kíkọ tó tàn kálẹ̀ láàrin wa, àwọn bàbá wa a máa di ohun kan pọ̀, wọn a fi rán ìránṣẹ́, ẹni tó bá gbà á yóò tú u, yóò sì mọ ohun tí wọ́n wí. Òyìnbó oníwàásù kan, C. A. Gollmer, tó ti gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé lórí àrokò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1885. Ohun tí ìyá Malété sọ gan-an ló wà níbẹ̀: owó ẹyọ méjì tó kojú síra, ìbátan àti ìpàdé ni, méjì tó kẹ̀yìn síra, ìyapa àti ọ̀tá ni. Owó ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Ó ní ìpèníjà ni: ìka kan kò lè ṣa owó ẹyọ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ nìkan kò lè fi mí ṣe ohunkóhun.

Iye pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà, "fà" ló wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, "jọ" ló wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ wa jọra, a sì jọ wà pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ẹyọ ṣe ẹ̀bùn lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó mọ iye tí yóò lẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí ojú wọn yóò kọ sí. Kí ó má sì so ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa mọ́ ọn nítorí pé ó jọ ohun ìbílẹ̀. Ààlè nìyẹn! Olè ni a fi ń lé nínú oko. Ṣé a óò fún ọ̀rẹ́ ní ẹ̀bùn tán, kí a tún kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án?

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, ẹ̀bùn tí wọ́n bá fi kí ẹni tó bímọ, ojóbó tó ṣeé tú, tó sì ṣeé tún ta, ni wọ́n fi ń dì í, nítorí a ń fẹ́ kí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ tún dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìgbéyàwó, kókó líle tí kò ṣeé tú ni wọ́n ń ta sí i, nítorí a kò fẹ́ kí ó tú láéláé. Okùn kan náà ni. Bí a ṣe ta á ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ní Malété lónìí, láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2009, ọ̀dọ́ kò wọ́n nílùú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa di ẹ̀bùn ọdún fún títà, ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn mẹ́ta.

Èkíní, ẹ wo ohun tí ẹ ń dì. Obì ń fẹ́ ewé. Bí ẹ bá fi ọ̀rá dì í pinpin, yóò làágùn, yóò sì bu. Ẹran Iléyá tútù kò bá páálí aláwọ̀ wúrà mu, páálí yóò rọ̀ kí ó tó dé ilé. Igbá tó ní ìdérí ló yẹ ẹ́, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó. Igbá kì í sì í lọ sí ààtàn bí páálí. Yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá, ohun kan yóò sì wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ohun tó wà nítòsí. Àwọn ahunṣọ Ìlọrin ń hun òfì ní ọ̀já tóóró. Ẹ lọ sọ́dọ̀ tẹ́lọ̀, ẹ ra àjákù rẹ̀, okùn ẹ̀bùn ti dé nìyẹn. Ẹtù dúdú yẹ àgbà, àlàárì pupa yẹ ìyàwó. Omi poroporo ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pa wàrà láró pupa, ẹ fi kun pépà funfun kí ẹ wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹni tí ẹ̀bùn ń lọ bá. Mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú wa. Ẹ má ya ọpọ́n Ifá sára ẹ̀bùn Iléyá, kí ẹ má baà dójú ti ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà á. Ọmọ tó parí Àlùkùránì, ẹ gé páálí tirẹ̀ bíi wàláà tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí àmì àtijọ́ kò bá sì bá ọ̀rọ̀ yín mu, ẹ dá tuntun sílẹ̀. Àwọn ìyá wa aládìrẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, àwọn òpó rẹ̀ wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n ya òun àti ayaba sára àdìrẹ. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni wọ́n yà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi lè kà á.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ìdì ẹ̀bùn ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ẹ tó di tiyín ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà kan ládùúgbò, kí ẹ bi í pé, "Kí ni èyí ń wí?" Èmi kò bi ẹnikẹ́ni, ojú sì tì mí. Ìyàwó náà ti wà nílé wa báyìí o, owó ẹyọ méjì yẹn sì ń bẹ lára ògiri yàrá wọn, wọ́n kojú síra.

Ó dìgbà o.