Ilé, Owó Oṣù àti Ẹ̀mí Àwọn Aṣọ́bodè Wa

Bí a bá ti dárúkọ kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ìmígíréṣọ̀n láwùjọ wa, rìbá ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. N kò wá gba ẹjọ́ ẹni tó ń gba rìbá rò. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìjọba ló gbé aṣọ́bodè lọ sílé ẹni tó ní kó máa mú.

Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ti pẹ́ lẹ́nu àlàyé pé ààlà yìí kò já okùn ẹbí. Ilé ẹlòmíràn wà ní Nàìjíríà, oko rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Irú ibẹ̀ la ń gbé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà, a ní kó lọ ṣọ́ ọ.

Níbo ni yóò sùn? Nílùú Yorùbá àtijọ́, ilé oníbodè kì í jìnnà sẹ́nubodè, ìjòyè tó ni bodè ló sì ń mójú tó o. Lónìí, bárékè kò kárí. Ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ gbà yóò lọ háyà yàrá kan nígboro. Ọmọ onílé lè jẹ́ ẹni tó ń fi ọ̀kadà kó ìrẹsì lóru: ọ̀kadà tí wọ́n ti jó irin mọ́ lẹ́yìn kó lè gba àpò mẹ́rin márùn-ún, tí kì í tan iná, tí kì í sì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó aṣọ́bodè ń ra ata lọ́wọ́ ìyá onífàyàwọ́. Iléèwé kan náà làwọn ọmọ wọn ń lọ. Bó bá gba ẹrù lóru òní, ọ̀la ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ fèrèsé yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá dijú nígbà tí ọ̀kadà ń kọjá, owó nìkan kọ́ ló mú un dijú.

Aṣọ́bodè kò sì rí ibi sọ ìṣòro rẹ̀ sí. Abala kọkànlá òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kò jẹ́ kí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwa olùkọ́ fásitì ní ẹgbẹ́ tiwa, ASUU, a sì mọ bí a ṣe ń fárígá! Tiwọn, àṣẹ ọ̀gá ni.

Ìgbà tí aṣọ́bodè bá tún rántí àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, ìmígíréṣọ̀n kó àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri fún ìdánwò. Wọ́n ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n tẹ ara wọn pa. Iṣẹ́ táwọn èèyàn kú lé lórí báyìí, ta ni yóò fetí sí ẹni tó ní bàtà òun ti ya, tàbí pé oorun kò kun òun mọ́ látìgbà tí ìbọn ti pa ẹnìkejì òun?

Ti owó ìfẹ̀yìntì ló bí mi nínú jù. Lọ́dún 2011, ìjọba yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ ti ń dá owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀. Wọ́n fi aṣọ́bodè sílẹ̀ síbẹ̀: ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù látọwọ́ rẹ̀, ìdá mẹ́wàá látọwọ́ ìjọba. Ẹni tó fi ọdún 35 gbébọn nínú igbó àti akọ̀wé tó jókòó sábẹ́ fáànù l'Ábújá, ọgbọọgba ni wọ́n lójú òfin yẹn. Ìyẹn kò tọ́.

Ẹ̀yin aṣòfin wa láti Ògùn àti Èkó tí ẹ wà níkàlẹ̀, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ fún wọn ní Ìdìròkò, Ìmẹ̀kọ àti Sèmè, kí ẹ tó tún bu owó ra Hilux. Kí ẹ sì gbé abala kọkànlá yẹn padà síwájú ilé aṣòfin, kí àwọn náà lè ní ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀.