Ẹ Mọ Bí Ilẹ̀ Yín Ṣe Fẹ̀ Tó Kí Ẹ Tó Sanwó Katakata
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé wọn)

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ìṣirò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn kan á ti máa wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ kó wọn padà sí ilé ìwé. Ẹ fara balẹ̀. Ìṣirò tí mo ń wí yìí, owó àpò yín ló kàn. Ẹni tí kò mọ bí oko òun ṣe fẹ̀ tó, iye tí ẹlòmíràn bá pè é ni yóò san. Oníkatakata á pe tirẹ̀, ẹni tó ń ta ajílẹ̀ á pe tirẹ̀, alágbàṣe náà á pe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ẹkùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan gba katakata kí ó bá òun tú ilẹ̀ oko rẹ̀ tó wà létí odò. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òun àti oníkatakata kò fẹnu kò lórí iye éékà tí ilẹ̀ náà jẹ́. Ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ dé wá bá wọn wọ̀n ọ́n. Mo gbé téèpù mi, mo ń yan bọ̀.

Mo wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká: mítà 63, mítà 81, mítà 61, mítà 87. Mo ro ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra wọn pọ̀, mo sì pín in sí méjì. 63 àti 61 fún mi ní 62. 81 àti 87 fún mi ní 84. Mo wá ṣe 62 lọ́nà 84, ó di 5,208. Éékà kan jẹ́ mítà 4,047 tìbú tòòró, nítorí náà mo kéde pé ilẹ̀ ìyá jẹ́ éékà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ó tún lé díẹ̀. Inú oníkatakata dùn.

Ìyá kàn wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ní èṣín, igba mọ́kànlélógún ebè ni mo sanwó rẹ̀ fún àwọn tó kọ ebè sórí ilẹ̀ yìí. Níbo ni ìwọ ti rí ìyókù?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igba-igba là ń ka ebè fún alágbàṣe. Àwọn tó kọ ebè náà ló kọ ti oko kejì tí katakata kò tíì dé. Mo lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀: láti orí ebè kan sí orí èkejì, mítà kan gbáko, níbùú àti lóòró. Ebè kan fún mítà kan tìbú tòòró nìyẹn. Igba mọ́kànlélógún jẹ́ 4,200. Tèmi tí mo pè ní 5,208 jẹ́ igba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó lé mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún ebè kì í ṣe abẹ́rẹ́ tó lè sọnù sínú koríko. Ẹnìkan nínú wa ló ṣìnà, ìyá kọ́ sì ni.

Kí ló fà á? Ẹ mú igi mẹ́rin, ẹ so wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí férémù fèrèsé. Bí igun rẹ̀ bá dúró ṣánṣán, inú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹ wá tì í kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi kankan kò gùn sí i, kankan kò sì kúrú, àmọ́ inú rẹ̀ ti dín kù. Ẹ tì í títí yóò fi pẹlẹbẹ, igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ààyè kankan nínú rẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ tó fì ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ nìkan kò lè sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó. Bí igun kò bá dúró ṣánṣán, ọ̀nà tí mo gbà wọ̀n ọ́n yìí kì í dín ilẹ̀ kù láéláé, ńṣe ló máa ń fi kún un. Àǹfààní ẹni tó ń gbowó ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń sanwó. Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò káàkiri.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a gé ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta méjì. Ẹ kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ na okùn kan láti igun kan dábùú oko lọ sí igun tó kọjú sí i, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ní oko ìyá, ó jẹ́ mítà 130. Ó ku igun méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ dúró ní ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fi okùn kejì wọn ibẹ̀ dé ibi okùn tó dábùú náà. Ibo ni ká wọ̀n ọ́n dé gan-an? Kí ẹnìkan di orí okùn mú ní èèkàn, kí ẹnìkejì máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó dábùú. Ibi tí okùn bá ti kúrú jù lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kà. Fún igun kan ó jẹ́ mítà 30, fún ìkejì ó jẹ́ 35.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. 130 lọ́nà 30 jẹ́ 3,900. Ẹ mú ìdajì rẹ̀, 1,950. 130 lọ́nà 35 jẹ́ 4,550. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2,275. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 4,225 ni. Mítà 25 péré ni ó fi ju kíkà ìyá lọ! Éékà kan ó lé díẹ̀ ni ilẹ̀ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, oníkatakata sì gba owó tó tọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kùn díẹ̀.

Bí oko bá ní igun márùn-ún, onígun mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ gé e sí. Bí etí rẹ̀ bá wọ́ bí ipa odò, ẹ fi èèkàn gé ibi tó wọ́ náà sí kéékèèké.

Ẹni tí kò ní téèpù lè fi ebè wọ̀n ọ́n bí ìyá ti ṣe. Bí ebè bá jẹ́ mítà kan sí mítà kan, igba àádọ́ta jẹ́ hẹ́kítà kan, igba ogún ó lé díẹ̀ sì jẹ́ éékà kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn àárín ebè o! Àwọn mìíràn ń kọ ebè wọn súnmọ́ra. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 sí 80, hẹ́kítà kan náà á gba igba méjìdínlọ́gọ́rin, nítorí náà igba àádọ́ta kò ní í pé hẹ́kítà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa á ní fóònù àwọn lè wọn ilẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì dára fún oko ńlá. Àmọ́ fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣi ibi tí ẹ dúró sí, ní oko tí kò ju ìdajì éékà lọ, àṣìṣe yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ wá wo ajílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àpò NPK 15-15-15 mẹ́jọ, oníkílò 50, ni a ní kí ẹ lò fún hẹ́kítà àgbàdo kan. Oko ìyá yóò gba àpò mẹ́ta àti díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àpò. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò mi àkọ́kọ́, àpò mẹ́rin kò ní í tó. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ odindi àpò kan tí ìyá ìbá rà lásán. Ti oògùn apakoríko tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ó bá ti pọ̀ jù, ó lè jó ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba ọ̀rọ̀ àká àgbàdo, nítorí ìbéèrè tí bàbá kan bi mí níjẹta. Àká wọn gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, àgbàdo inú rẹ̀ sì ga ní mítà 2. Gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga ni: 3 lọ́nà 0.6 lọ́nà 2 jẹ́ 3.6. Odidi àgbàdo tí a ti bó ló wà níbẹ̀. Bí a bá yín in, hóró rẹ̀ yóò gba nǹkan bí ìdajì ààyè yẹn, ìyẹn tó bí àpò oníkílò ọgọ́rùn-ún mẹ́tàlá. Bàbá fẹ́ kí ó gbà ní ìlọ́po méjì, wọ́n sì fẹ́ fi fífẹ̀ rẹ̀ ṣe mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20. Ìṣirò náà bára mu, 7.2 ni. Àmọ́ lápá ibi tí òjò ti ń pọ̀ bí tiwa yìí, afẹ́fẹ́ kò ní í dé àárín àká tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àgbàdo tútù á bu síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gùn ní mítà 6, kí fífẹ̀ rẹ̀ wà ní 60. 7.2 kan náà ni, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ sí gbogbo rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú okùn méjì tó gùn dáadáa àti èèkàn mẹ́rin wá. Oko akọ̀wé ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé la ó kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ní éékà méjì ni. A ó rí i.