Ọnà, Orin àti Ọ̀rọ̀: Ẹ̀bùn Mẹ́ta tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa Kò Gbọdọ̀ Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ko-Koumolou, nígbà ayẹyẹ jùbílì ìjọ wa

      

Àwọn tí ó ṣètò ayẹyẹ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọnà, orin àti ọ̀rọ̀ sísọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọmọ wa. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni. Ta ni kò mọ̀ pé orin dára? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, mo rí i pé n kò lè sọ ọ́ láì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ná.

Nígbà tí àkọ́bí mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ bá a sọ Yorùbá mọ́, kí èdè Faransé rẹ̀ lè dán. Ọmọ náà fẹ́ràn àwòrán yíyà. Mo gba ìwé àwòrán rẹ̀, mo fi dáná. Ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lu ìlù ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí ó lọ kàwé. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó gba BEPC, ó gba baccalauréat, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi, tí í ṣe ìyá rẹ̀ àgbà, pa ipò dà. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn àgbà ìdílé ní kí ọmọ tí ó kàwé jù dìde, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èrò, kí ó sì ki ìyá àgbà ní oríkì rẹ̀ kí a tó gbé e lọ. Ọmọ mi dìde, ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ gbólóhùn méjì ní èdè Faransé, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jókòó. Àwọn àgbà rò pé ìbànújẹ́ ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: ọnà, orin àti ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Iṣẹ́ ni wọ́n. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ní wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ odi láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí ṣeré. Nígbà tí Olúwa fẹ́ kí a kọ́ àgọ́ mímọ́ ní aginjù, Ó pe Bésálẹ́lì ní orúkọ, Ó sì fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún un kí ó lè mọ iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ fàdákà, iṣẹ́ òkúta àti ti igi gbígbẹ́. Háàpù Dáfídì ni ó ń mú ara tu Sọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀mí búburú bá dé sí i. Nígbà tí Mósè sì sọ pé ahọ́n òun wúwo, Ọlọ́run kò ní kí ó má ṣe ìyọnu, pé ọ̀rọ̀ kò jámọ́ nǹkan. Ó fi Áárónì, arákùnrin rẹ̀, ṣe agbẹnusọ fún un. Ọnà, orin, ọ̀rọ̀: Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó fi wọ́n ṣe ohun èlò ìgbàlà àwọn ènìyàn Rẹ̀.

Bí a bá wo ilé tiwa, díósíìsì wa ti Àjàṣẹ́ náà ní ìtàn nínú ọ̀ràn yìí. Bàbá Francis Aupiais, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ẹgbẹ́ SMA, tí a bí ní ọdún 1877 tí ó sì kú ní 1945, ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ọgbọ́n kankan, ọkùnrin yìí ń wá ọgbọ́n náà kiri. Láàrin 1925 sí 1927 ó gbé ìwé ìròyìn kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Reconnaissance africaine, ó sì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní àyè láti fi ọwọ́ ara wọn kọ̀wé nípa ìlú wọn. Inú rẹ̀ ni Thomas Moulero, ọmọ Kétu, kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sí. Ní ọdún 1928, Thomas Moulero yìí kan náà ni ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí a fi joyè àlùfáà. Ẹ rò ó wò. Ìtàn Kétu kò sí nínú ìwé nígbà náà. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà, nínú oríkì àti nínú orúkọ àwọn Alákétu tí a há sórí láti ìran dé ìran. Bí ẹnìkan bá ti ṣe fún Moulero ohun tí mo ṣe fún ọmọ mi, ta ni ìbá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn, tí ìbá sì kọ ọ́ sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìhà kejì ààlà. Ní ọdún 1947, ẹgbẹ́ SMA yìí kan náà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, lábẹ́ ìtọ́jú Bàbá O'Mahoney àti Bàbá Kevin Carroll. Wọn kò kó àwòrán wá láti ìlú Òyìnbó kí àwọn ọmọ máa fara wé e. Àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére ni wọ́n pè, irú Bándélé, ọmọ Aréógun ti Ọ̀sì, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ sábẹ́ wọn. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Olúwa sára igi, àwọn ọba mẹ́ta tí ó wá kí Ọmọ náà sì wọ aṣọ ọba Yorùbá. Ilé iṣẹ́ náà parí ní 1954, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò parí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀ ni Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì, tí ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bèèrè pé kí ni ọmọ yóò fi ọnà jẹ, kí ó bèèrè lọ́wọ́ Ìlá-Ọ̀ràngún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé: “Ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà ni ẹ fẹ́ mú padà wá?” Rárá o. A mọ Ẹni tí a gbàgbọ́. Nígbà tí UNESCO fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àwọn ohun ìyanu àjogúnbá ayé ní ọdún 2001, a kò ní láti di ẹlẹ́sìn rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú ọwọ́ tí ó gbẹ́ igi náà àti nínú ẹnu tí ó dá orin rẹ̀. Ọlọ́run ni ó fún ọmọ ènìyàn ní ọwọ́ àti ẹnu. Ohun tí a fi wọ́n ṣe ni ó kù sí wa lọ́wọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì sì ti fi hàn wá pé ọwọ́ náà lè sin Kristi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí orin. Gbogbo wa mọ̀ pé ohùn ni èdè Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Bí ohùn bá yẹ̀, igbá di ìgbà, ọkọ́ di ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi kọ́kọ́ dé, ohùn orin Òyìnbó ni a fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, àdúrà sì di ohun tí akọrin pàápàá kò gbọ́ yé. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church àwọn ará Áńgílíkà ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, àwọn Bàbá Ìgbìmọ̀ Fatikánì Kejì fi ọwọ́ sí ìwé wọn lórí ìsìn mímọ́. Wọ́n ní kí a bọlá fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a sì kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kí wọ́n lè gbé e ga, níbi ìsìn àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi etí sí i dáadáa: ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọ Mímọ́ kò fi orin náà mọ sí ọjọ́ Àìkú nìkan. Ọmọ tí kò mọ bí ohùn èdè rẹ̀ ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ kò lè dá orin tuntun fún Olúwa ní èdè náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ayé Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, àmì ìtìjú kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn títí yóò fi mú ẹlòmíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Faransé ti lọ láti 1960, ṣùgbọ́n àwa òbí ṣì gbé àmì náà kọ́ ọmọ wa lọ́rùn nínú yàrá. A rò pé Yorùbá yóò gba àyè Faransé nínú orí ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èdè kan kì í lé èdè kejì jáde. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ ni yóò mọ bí a ti ń tò ó ní èdè àlejò. Ohun tí mo sọ nípa Yorùbá, mo sọ ọ́ bákan náà nípa Gùn àti Tọ̀rí tí àwọn ará wa ń sọ ní agbègbè Ìfọ̀nyìn yìí.

Níbo ni a wá dúró lónìí? Ètò ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1999 fún ẹ̀kọ́ ọnà ní àyè tirẹ̀ láàrin ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí ìdánwò yóò bèèrè ni a ń lé kiri, ìyókù di ti ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹnikẹ́ni kò tíì sùn ní ọjọ́ kan kí ó jí ní ọjọ́ kejì ní onílù. Ohun tí a kò fi wákàtí fún, a kò kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ọmọ wa ń lọ fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọnà, òmíràn fún orin, òmíràn fún ọ̀rọ̀ sísọ, láti sixième títí dé troisième, kí a sì fún ọmọ ní máàkì fún un. Èkejì, kí a pe àwọn ọ̀gá wọlé: agbẹ́gilére, ahunṣọ, onílù, ìyá tí ó mọ oríkì. Wọn kò ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n Bándélé náà kò ní. Ẹ̀kẹta, kí ìjọ wa máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ti ń ka Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá níwájú àwọn ènìyàn, pẹ̀lú ohùn tí ó yè kooro, kí a má ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún arúgbó méjì. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìwé àwòrán ọmọ dáná.

Ẹ má sì rò pé fún àwọn tí yóò di òṣèré nìkan ni mo ń sọ èyí. Nọ́ọ̀sì tí yóò ṣàlàyé oògùn fún ìyá arúgbó nílò ọ̀rọ̀. Olùkọ́, oníṣòwò tí ń ná ọjà ní Ìgòlò, katikísì, bàbá tí yóò parí ìjà láàrin àwọn ọmọ rẹ̀: gbogbo wọn nílò ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ẹ jẹ́ kí n parí níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ti dàgbà, ó ti bí ọmọ tirẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó wá bá mi, ó ní: “Bàbá, ẹ kọ́ mi ní oríkì ìyá àgbà, kí n lè fi kọ́ ọmọ mi.” Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ìdajì ni mo mọ̀. Àwa méjèèjì dìde, a lọ bá àbúrò ìyá mi, ẹni tí ó kù nínú ìran wọn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ mi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. A bá a láàyè. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láàyè.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ Bésálẹ́lì, tí ó fi orin sí ẹnu Dáfídì, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu Áárónì, bùkún àwọn ọmọ wa àti ìjọ wa. Kí Màríà Wúndíá, ẹni tí ó gbé Ọ̀rọ̀ náà sínú, gbàdúrà fún wa.