Ilẹ̀ Ń Fà Wá

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín ni ẹ ti ń rí i, bóyá ẹ kò kàn tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ẹ mú òkúta kan, kí ẹ jù ú sókè. Ó lọ sókè, ó sì padà wá sílẹ̀. Ọsàn tó já lórí igi, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Omi tí ẹ dà nù, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Kí ló dé tí ọ̀kankan nínú wọn kò lọ sí sánmà? Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ayé yìí ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ mọ́ra. Ẹ ti rí òòfà tó ń fa abẹ́rẹ́. Òòfà kì í fa igi, kì í fa aṣọ. Ilẹ̀ ní tirẹ̀ kò yan ohun kan: ó ń fa igi, ó ń fa omi, ó ń fa ènìyàn. Agbára yìí ni à ń pè ní agbára òòfà ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé àgbàdo sórí ìwọ̀n, tí wọ́n ní ó wọn kílò mẹ́wàá, bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tó ni ìwọ̀n náà ń sọ fún yín.

Ẹnì kan lè béèrè pé: ayé rí roboto bí ọsàn, báwo ni àwọn tó wà ní apá ìsàlẹ̀ kò ṣe já bọ́? Ìbéèrè gidi ni. Àárín gbùngbùn ayé ni agbára náà ń fa nǹkan sí. Ibi yòówù tí ènìyàn bá dúró sí, ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, sánmà wà lókè orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Isaac Newton, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ní ọdún 1687. Ó ní agbára kan náà tó ń fa èso wálẹ̀ ló mú òṣùpá dúró lọ́nà tó ń gbà yí ayé ká. Òṣùpá náà ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ. Ẹni tó wọn kílò 60 níbí, bí kílò 10 ni yóò rí lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1971, ọmọ Amẹ́ríkà kan, David Scott, dúró lórí òṣùpá, ó ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì balẹ̀ pọ̀, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tí yóò gbé ìyẹ́ náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùpá sílẹ̀, ká bọ̀ sí ara wa.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó bí lítà márùn-ún. Omi ni ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ sì ń fà á bí ó ti ń fa omi yòókù. Tí ẹ bá dìde dúró, bí ìdajì lítà nínú rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn. Ọkàn gbọ́dọ̀ tètè fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọpọlọ. Tí kò bá tètè tó, òòyì á kọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà tó jí láàárọ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ lórí ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì kó tó nàró.

Ẹni tó dúró lójú kan nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́ lè dákú. Nígbà tí ẹnì kan bá dákú láàárín ọjà, kí ni a máa ń ṣe? A máa ń fà á dìde jókòó, a máa ń pé bò ó. Kò dára. Ara rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe, ó ṣubú kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sórí àpótí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ látàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú nírọ̀lẹ́. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló máa ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Tí a kò bá rìn, kò sí ohun tó ń fún un. Ẹ máa dìde, ẹ rìn yí ìsọ̀ yín ká. Lálẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń dunni, tàbí tí ojú àti ọwọ́ aláboyún bá wú tí orí sì ń fọ́ ọ, ẹ má dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn wa ńkọ́? Láàárín eegun ẹ̀yìn, nǹkan rírọ̀ kan wà bí tìmùtìmù. Láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹrù ara wa ń tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ ń dín kù. Nítorí náà a máa ń ga láàárọ̀ ju ti alẹ́ lọ ní bí sàǹtímítà kan. Ẹ wọn ọmọ yín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ó rí i.

Ní ilẹ̀ Kétu, níbi tí omi ti máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin wa mọ ìwúwo omi ju ẹni tó kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ. Bídọ́ọ̀nù lítà 20, kílò 20 ni. Tí ẹ bá gbé e sórí òṣùká, tí ọrùn nà ṣánṣán, ẹrù náà ń tẹ eegun láti òkè lọ tààrà. Ewu wà nígbà tí a bá ń gbé e nílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ̀yìn, tó na ọwọ́ síwájú, ẹrù tó ń tẹ ìbàdí rẹ̀ lè ju ìlọ́po márùn-ún kílò 20 náà lọ. Ẹ sún mọ́ bídọ́ọ̀nù náà, ẹ lóṣòó, ẹ fi itan dìde. Kí ẹnì kejì sì gbé e rù yín, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ọmọ kékeré, ẹ má gbé ẹrù àgbà lé e lórí.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò mọ ìwúwo ẹrù lára mọ́. Láti ọdún 2000 ni àwọn ènìyàn ti ń gbé lójoojúmọ́ nínú ilé kan tó ń yí ayé ká lókè sánmà. Wọ́n ń léfòó nínú rẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ eegun ìtan àti ìbàdí wọn ń dín ní bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Wọ́n ń ṣe eré ìdárayá bí wákàtí méjì lójúmọ́ kí ó má bàa pọ̀ jù. Eegun tí kò gbé nǹkan, ara kì í tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi bàbá arúgbó sórí ẹní láti àárọ̀ dé alẹ́ ní orúkọ ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kó rìn.

Ó ku àwọn tó ń gun ọ̀pẹ. Níbi tí wọ́n ti ń wó ọ̀pẹ kí wọ́n tó dá ẹmu, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n, àmọ́ ẹni tó ń gùn ún láti kọ ẹyìn, kó gbọ́. Ohun tó bá já bọ́ kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà. Bó ṣe ń bọ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó já láti mítà 5, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló gbà á, eré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ló fi bá ilẹ̀. Láti mítà 20, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni, eré náà di 72, bí ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì. Ẹ yẹ igbà yín wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó gùn. Èyí tó ti gbó, ẹ sọ ọ́ nù.

Tí ẹnì kan bá já, ẹ má fà á dìde, ẹ má gbé e jókòó sórí alùpùpù. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti ṣẹ́, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ títí ayé. Kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí wọ́n má yí. Ẹ wá pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà sórí rẹ̀, kí ara rẹ̀ nà ṣánṣán, kí ẹ sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn.